Kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́, ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ tálákà

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tó sọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ilẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ olóoru ti James Watt, èyí tí ooru omi híhó ń yí, ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Èmi tí mò ń jẹun nídìí ìmọ̀ ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn, inú oko ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Kí ilé iṣẹ́ ńlá tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, àwọn nǹkan kéékèèké tí tálákà fi ń gbé ẹ̀mí ró ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kù owó ọ̀yà nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí oko ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko kò ní ọgbà. Wọ́n pín in sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdílé kan lè ní ìlà méjì níhìn-ín, kó ní mẹ́ta lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ìdámẹ́ta ilẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́dọọdún kó lè sinmi. Yàtọ̀ sí oko, ilẹ̀ àjùmọ̀ní wà, pápá àti igbó tí ẹni tí kò ní ju màlúù kan lọ ti lè da màlúù rẹ̀ jẹko, tó sì ti lè ṣẹ́gi ìdáná. Tí ìkórè bá parí, àwọn obìnrin àti ọmọdé á wọ oko olóko lọ pèéṣẹ́, bí Rúùtù ti ṣe nínú Bíbélì, ọkà tí wọ́n bá ṣà á sì bọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà òtútù, ìyàwó ilé á máa ran irun àgùntàn tàbí òwú fún oníṣòwò tó ń gbé e wá bá a nílé. Ọkọ lè máa ṣe alágbàṣe lóko ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n owó ọ̀yà rẹ̀ nìkan kọ́ ni ilé ń jẹ.

Àtúnṣe tó wá dé bá iṣẹ́ àgbẹ̀ dára, n kò ní parọ́. Lágbègbè Norfolk, níhà ìlà oòrùn, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Charles Townshend polongo rẹ̀ débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Townshend Onítúnípù. Ọdún mẹ́rin ni ètò náà gbà lórí ilẹ̀ kan: àlìkámà, lẹ́yìn rẹ̀ túnípù, lẹ́yìn rẹ̀ ọkà bálì, lẹ́yìn rẹ̀ koríko clover, kí wọ́n tó padà sí àlìkámà. Ilẹ̀ kò sinmi mọ́, síbẹ̀ kò ṣá. Ara clover ni àṣírí náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lójú ara yín, ẹ lọ sí oko ẹ̀wà tó ń yọ òdòdó, ẹ hú ìdí kan jẹ́jẹ́, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Ẹ máa rí kókó wínníwínní lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú kókó náà. Wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ ewéko. Clover àti ẹ̀wà, ẹbí kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe fún ilẹ̀. Túnípù ní tirẹ̀ ń bọ́ ẹran nígbà òtútù, ìgbẹ́ ẹran ń padà sórí oko. Ọdún 1772 ni wọ́n tó dá náítírójìn mọ̀, Townshend sì ti kú ní 1738. Àkíyèsí àgbẹ̀ ló ṣáájú ìwé, bó ṣe máa ń rí.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ètò yìí kò rọrùn lórí ilẹ̀ tí kò lọ́gbà. Ẹni tó bá gbin túnípù sórí ìlà tirẹ̀, níbi tí màlúù gbogbo abúlé lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹko lẹ́yìn ìkórè, màlúù ló gbìn ín fún. Àwọn abúlé kan jókòó, wọ́n fẹnu kò, wọ́n ṣe é láìsọgbà. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kì í ṣe ìmọ̀ àgbẹ̀ ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn onílẹ̀ ńlá ló yan ọ̀nà tó yá jù, wọ́n gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ. Láàárín 1604 sí 1914, òfin ìsọgbà, tó ń pín oko àti ilẹ̀ àjùmọ̀ní fún ẹnìkọ̀ọ̀kan kó lè sọgbà yí tirẹ̀ ká, jáde, ó lé ní 5,200, ó kan nǹkan bí ìdámárùn-ún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ láàárín 1760 sí 1830. Ẹni tó ní ìwé gba ìpín tirẹ̀. Ẹni tó kàn ń da màlúù rẹ̀ jẹko níbẹ̀ láti ìgbà baba ńlá rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò rí nǹkan kan gbà, tàbí kí wọ́n fún un ní ilẹ̀ bíńtín tí owó ọgbà rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. (Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ ibi tí “ìwé dà?” máa ń yọrí sí.) Ní 1788, ilé ẹjọ́ kan dájọ́ pé kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin láti pèéṣẹ́ lóko olóko. Wọn kò jáwọ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ti di àánú.

Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ tí wọ́n sọgbà yí pápá ká ni gbogbo abúlé kó ẹrù lọ sí Manchester, ìlú ilé iṣẹ́ òwú. Ọ̀pọ̀ dúró, wọ́n ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń gbin igi ọgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko fún owó. Èèyàn tún ń pọ̀ sí i: ní 1801, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kò tíì pé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án; ní 1851, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjìdínlógún. Oúnjẹ tó ń pọ̀ lóko ló ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kò sì béèrè ọwọ́ púpọ̀ mọ́ láti pèsè rẹ̀.

Láàárín àkókò ìsọgbà yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ kan ìrànwú. James Hargreaves ṣe ẹ̀rọ tó ń ran ọ̀pọ̀ òwú lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí 1764. Richard Arkwright gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní 1769, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ tí omi ń yí sí Cromford ní 1771. Láàárín ìran kan péré, obìnrin tó ń rànwú nílé kò rí ọjà tà mọ́. Àwọn ahunṣọ kọ́kọ́ rọ́wọ́ mú, torí òwú pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ayọ̀ wọn kò pẹ́: òfì tí ẹ̀rọ ń fà kò ju nǹkan bí 2,400 lọ ní Bìrìtìkó ní 1813, nígbà tó máa fi di 1833 ó ti tó 100,000.

Ní Cromford, agogo ló ń pe èèyàn síṣẹ́, wákàtí méjìlá lójúmọ́, àwọn kan lọ́sàn-án, àwọn kan lóru. Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìrànwú, ọmọdé ló ń so òwú tó bá já. Ẹ̀rọ ńlá ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, ọmọ náà ń rìn tẹ̀ lé e láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí epo ti yọ̀, ó ń fi ìka lọ́ orí òwú méjì pọ̀ kó tó sún kúrò níwájú rẹ̀. Èyí tó kéré jù á rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ gbá ẹ̀gbọ̀n òwú, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Òbí tó ní màlúù kan àti ilẹ̀ àjùmọ̀ní lè sọ pé òun kò ní fi ọmọ ránṣẹ́. Ẹni tí owó ọ̀yà nìkan kù fún, kí ló fẹ́ sọ? Òfin 1833 wá sọ pé ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́sàn-án kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ, àfi ti sílíìkì, pé àwọn tó wà láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, kí wọ́n sì máa ka ìwé fún wákàtí méjì. Alábòójútó mẹ́rin ni wọ́n yàn fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀rọ padà wọ oko náà. Lílu ọkà ni alágbàṣe fi ń rí owó nígbà òtútù. Nígbà tí ẹ̀rọ ìpakà gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ ní Kent lọ́dún 1830, rògbòdìyàn náà ràn dé ọ̀pọ̀ agbègbè. Ìjọba yẹgi fún èèyàn mọ́kàndínlógún, ó sì kó àwọn tó lé ní irinwó lọ sí Australia.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ ilẹ̀ wa sílẹ̀. Epo pupa láti Èkó àti etíkun wa gbogbo ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, òun náà ni wọ́n fi ń pa ara ẹ̀rọ kó lè máa yọ̀. Púpọ̀ nínú òwú tí Manchester ń lò kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ ní 1861, ọwọ́ ẹrú ló já a lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, bá àwọn míṣọ́nnárì CMS lọ́wọ́ sí i láti rí òwú rà ní Abẹ́òkúta, ó fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́.

Ohun tí Manchester dá padà fún wa ni aṣọ àti òwú olówó pọ́ọ́kú. Òfì kò kú: wọ́n ṣì ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, torí kò séyìí tó lè rọ́pò rẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti oyè. Ìrànwú ló kú, iṣẹ́ tí àwọn ìyá àgbà ń jókòó ṣe níwájú ilé, tí wọ́n fi ń rówó ara wọn. Òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń rà lọ́jà ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò báyìí.