Power supply ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí bóyá èrè wà nínú kí èèyàn máa to kọ̀ǹpútà fún ẹlòmíì lẹ́yìn iṣẹ́. Èrè wà níbẹ̀, tí ẹ bá lè gba owó iṣẹ́ ọwọ́ yín láìtijú. Oníbàárà ti mọ iye gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó pè yín, ẹ ò lè rí nǹkan gidi bù lé e. Ẹ kọ owó iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ sì gba owó ọjà pé kí ẹ tó dé Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà, torí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, iye tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ Ajé lè má ra ọjà náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó kò le. Power supply, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ni wọ́n máa ń gé owó rẹ̀ kù láti fi ra fáànù tó ń tan iná mèremère.

Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Tó bá fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, ẹ dá a padà. Wọ́n á kọ 500W gàdàgbà sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá ìlà 12V lórí àlẹ̀mọ́ náà. Ẹ lè bá 18A níbẹ̀. Fólítì (V) lọ́nà ámpù (A) ló ń fún wa ní wáàtì (W), ìyẹn agbára iná: 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216W péré. Orí 12V yìí ni prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti káàdì àwòrán ti ń jẹun, káàdì àwòrán RTX 3060 nìkan sì lè gba 170W. Kí ló kù fún prósẹ́sọ̀? Àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ kan tún ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Tí ẹ bá ki í bọ iná tiwa, tó jẹ́ 230V, lórí 115, ìró gbàù ni ẹ máa gbọ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń gé fídíò ìgbéyàwó ní Muṣin gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá bá mi. Káàdì àwòrán rẹ̀ jó, wọ́n ra òmíràn, ìyẹn náà tún jó nígbà tí NEPA mú iná dé lójijì. Màmá rẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà, wọ́n sì ti fi òróró pa gbogbo ara tábìlì. Mo tú power supply náà. Orí àwọn kàpásítọ̀, agolo kéékèèké tó ń gba iná pamọ́, ti wú, omi pọ́npọ́n ti gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ibi tó yẹ kí fílítà tó ń sẹ́ iná wà ṣófo, wáyà lásán ni wọ́n jó mọ́ ọn. Ayé wo ló wà nínú ìyẹn? Ẹni tó bá a tò ó ti pa fóònù. Hard disk kú pẹ̀lú rẹ̀, fídíò ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ sì wà nínú rẹ̀ láìní ẹ̀dà níbòmíì. Ìyá ìyàwó náà ń pè é láràárọ̀.

Irú àwọn wọ̀nyí ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó bá ní kí n fi èyí tó rọjú sí i, mo máa ń ka owó rẹ̀ fún un padà lójú ẹsẹ̀, kódà kó máa bú mi lọ.