Faransé ò mọ ogun jà? Ẹ gbé máàpù wá ná

Láti oṣù Keje ọdún 2023 tí àwọn sọ́jà ti gbàjọba ní Niger, a kì í bá ara wa jiyàn lórí Faransé kí ẹnì kan má sọ ọ́: “Àwọn wo? Àwọn ojo yẹn? Wọn ò borí ogun kankan rí.” Ẹni tó bá fẹ́ bú Faransé kò yẹ kó wá ọ̀rọ̀ tì. Owó CFA wà ńlẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ní Algeria wà ńlẹ̀, bí wọ́n ṣe kó sọ́jà wọn kúrò ní Mali àti Niger náà wà ńlẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, irọ́ ló wá wu àwọn èèyàn wa láti mú.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Napoleon kì í ṣe ará Jámánì. Ọkọ̀ ogun Faransé ló dínà òkun mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Yorktown ní 1781 kí Amẹ́ríkà tó rí òmìnira gbà, àwọn ará Amẹ́ríkà yìí kan náà ló sì fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ ọ̀hún jù. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ọmọ ogun Faransé tó kú lé ní 1,300,000, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn wọn nígbà náà ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù ogójì lọ. Ní Verdun, níbi tí Jámánì ti kọ lù wọ́n ní 1916, oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró sójú kan.

“Ó dáa, 1940 ńkọ́?” Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Jámánì kọ lù wọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, Faransé ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn dáwọ́ ogun dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ohun tí kò yé mi ni bí ẹni tó mọ iye ọ̀sẹ̀ ọ̀hún sórí kò ṣe mọ iye kìlómítà.

Sedan, ìlú Faransé kan nítòsí ààlà Belgium, ni àwọn Jámánì ti la odò Meuse kọjá ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, táńkì wọn ti dé Abbeville lẹ́bàá òkun, wọ́n sì ti pín àwọn tó ń bá wọn jà sí méjì. Láti Sedan dé Abbeville kò ju nǹkan bíi 250 kìlómítà lọ. Kò tó Èkó sí Àkúrẹ́. Ẹ wá jẹ́ ká wo Rọ́ṣíà lọ́dún kejì. Jámánì wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1941. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Keje, wọ́n ti wà nínú Smolensk, tó jìn sí ààlà ju 600 kìlómítà lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ mú 600 kìlómítà yẹn, ẹ fi wọn ilẹ̀ Faransé láti Sedan lọ síhà ìwọ̀ oòrùn: ẹ ó kọjá Paris, ẹ ó kọjá Rennes, díẹ̀ ló kù kí ẹ bọ́ sínú òkun Atlantic. Smolensk bọ́, Moscow ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, odò Volga wà lẹ́yìn Moscow, òkè Ural tí àwọn Rọ́ṣíà kó ilé iṣẹ́ wọn lọ wà lẹ́yìn Volga. Kí ló wà lẹ́yìn Faransé? Omi.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ogun kan náà ni wọ́n jọ jà, ìyà kan náà ló jẹ wọ́n, wọ́n sì sá gba Dunkirk, èbúté kan ní Faransé, lọ sílé nítorí pé òdìkejì omi ni ilé wọn wà, táńkì kì í sì í lúwẹ̀ẹ́. Ó lé ní 338,000 èèyàn tí ọkọ̀ kó níbẹ̀, àwọn tó lé ní 100,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Faransé. Ní Lille, àwọn Faransé tí ọ̀tá ti ká mọ́ ló dá ìpín ọmọ ogun Jámánì méje dúró bí ọkọ̀ ṣe ń kó èèyàn lọ. Nígbà tí ọta ìbọn wọn tán, ọ̀gágun Jámánì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tò jáde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, àwọn Faransé tó kú ju 50,000 lọ. Nẹ́dálándì ò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ kó tó túúbá, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ rí. Àbí ojo tiwọn ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni?

Yẹ̀yẹ́ yìí ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 2003 ló gbóná jù, nígbà tí Faransé kọ̀ láti bá Amẹ́ríkà lọ sí Ìrákì. Inú bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà débi pé wọ́n yọ orúkọ Faransé kúrò lára pòtétò díndín nílé ìjẹun wọn. Ọdún yẹn náà ni ẹnì kan ṣe ojú ewé kan tó jọ ti Google, tó ní òun wá ogun tí Faransé borí títí, òun ò rí. Google kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú.

Àwọn tí à ń pè ní ọmọ ogun Faransé yìí kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan. Wọ́n kó èèyàn láti gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Dahomey tó di Benin lónìí sì wà níbẹ̀. Nígbà ogun àkọ́kọ́, àwọn ará Kétu kan sá wọ ìhà Nàìjíríà kí wọ́n má bàa kó wọn lọ. Ní Chasselay, abúlé kan ní Faransé, ní oṣù Kẹfà 1940, àwọn Jámánì ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ lára àwọn tí wọ́n mú, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Àwọn náà wà lára “ojo” tí ẹ̀ ń sọ.

Mi ò ní akọni ni gbogbo wọn o. Àwọn ìpín kan sá lóòótọ́ nítòsí Sedan. Gamelin tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá jókòó sí Vincennes lẹ́bàá Paris láìní rédíò. Ìjọba Pétain, ọ̀gágun àgbà tó di olórí Faransé nígbà náà, kò fi mọ sórí túúbá, ọlọ́pàá rẹ̀ bá Jámánì kó àwọn Júù. Ó lè jẹ́ àwọn olórí ló ba nǹkan jẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ìyẹn náà rọrùn láti sọ jù, torí èrò tó wà lẹ́yìn Pétain nígbà náà kò kéré.

Ẹ kàn ṣọ́ra fún ẹni tó ń ka ọ̀sẹ̀ láì wo máàpù. Nígbà tí ECOWAS fún àwọn sọ́jà Niger ní gbèdéke ọ̀sẹ̀ kan ní 2023 kí wọ́n dá ìjọba padà, àwọn kan nínú wa ń pariwo pé ọjọ́ díẹ̀ la máa fi parí ẹ̀. Ààlà wa pẹ̀lú Niger gùn tó nǹkan bíi 1,600 kìlómítà, ìpínlẹ̀ méje ló sì kàn. Nínú àwọn tó ń pariwo pé ogun yá, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó dárúkọ méjèèje.