Ṣé fífọ eyín lọ́sibítù ló ń jẹ́ kí eyín máa mì?

Ẹ dé Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sọ fún ìyá aláta kan pé dókítà ní kí ẹ wá fọ eyín nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní èrìgì yín. Kí ẹ tó gba ṣéńjì, wọn á ti kìlọ̀ fún yín: "Ẹ má dán an wò o! Eyín ẹ̀gbọ́n mi le koko kí wọ́n tó lọ fọ̀ ọ́. Oṣù kan ò pé tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì." Ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì á dá sí i, òun náà ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Ìlú tí ọsibítù Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1907 nìyí o, ìyẹn èyí tó ti di ọsibítù Yunifásítì Bowen báyìí. Àwọn èèyàn ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ níbẹ̀, ẹ̀rù ò bà wọ́n. Eyín fífọ̀ nìkan ni wọ́n ń sá fún.

Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni lónírọ́. Eyín náà mì lóòótọ́, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ náà sì ni wọ́n tó fura sí i. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lẹ́sẹ̀ kọ́ ló ṣiṣẹ́ náà.

Níbi tí eyín ti kan èrìgì ni kòkòrò àìfojúrí ti máa ń kóra jọ, tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ eyín. Tí a bá tètè dé ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín lè gbá wọn kúrò. Tó bá pẹ́, àwọn èròjà inú itọ́ á sọ èérí náà di líle, á gan mọ́ eyín débi pé kò sí orín ata tàbí pákò ìjẹ̀bú tó lè ṣí i. Irin ọwọ́ dókítà, tàbí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ló ń ṣí i.

Ara kì í wo àwọn kòkòrò yìí níran. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá sí èrìgì, èrìgì á pọ́n, á wú, ìfọwọ́kàn díẹ̀ á sì mú kó ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á tú ohun ìjà wọn sílẹ̀. Ọ̀kan ni MMP-8, tó ń gé àwọn fọ́nrán tó so èrìgì mọ́ eyín. Òmíràn ni interleukin-1 beta, tó ń kéde ogun káàkiri, tó sì ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun sókè. Kòkòrò ló dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ìjà ara wa gan-an ló ń ba ilé jẹ́ jù. Eegun tó di eyín mú á máa dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í sábà dunni. Lójú tèmi, àìdunni yìí ló bí gbogbo àṣìṣe náà. Ká ní ó ń dunni bí eyín tó ti luhò ni, tipẹ́tipẹ́ là bá ti gbé e lọ.

Ẹ wo òpó tí ikán ti jẹ nínú, tó jẹ́ pé amọ̀ ikán ló kù tó gbé e dúró. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ha amọ̀ náà kúrò ni ará ilé á tó mọ̀ pé òpó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èérí líle yẹn ṣe ń so eyín kan mọ́ ìkejì, tí èrìgì tó wú sì ń bo ibi tí eegun ti jẹ mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣí èérí, wíwú rọlẹ̀, èrìgì sún kì: àlàfo yọjú, omi tútù ń ta eyín, fọ́nrán máńgòrò tí kì í há síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń há. Eyín tí eegun abẹ́ rẹ̀ ti dín kù gan-an lè mì díẹ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú. Irin tí wọ́n fi fọ eyín kò jẹ eegun kankan. Eegun ti lọ kó tó débẹ̀.

Ẹ lè ní ta ló rí i. Àwọn onímọ̀ máa ń fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láàárín èrìgì àti eyín, wọ́n á sì wọn MMP-8 àti interleukin tó wà nínú rẹ̀. Lára ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n máa ń pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ eyín náà dé ìdí, wọ́n máa ń lọ sílẹ̀. Ká ní fífọ̀ ló ń ba èrìgì jẹ́ ni, òkè ni wọn ì bá máa lọ.

Àmì kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀, C-reactive protein, tí wọ́n ń ké kúrú sí CRP. Àwọn onímọ̀ méjì, Tillett àti Francis, rí i ní New York ní 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń dà láàmú. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, nígbà tí ìròyìn bá kàn án pé ìjà ń lọ níbì kan nínú ara. Àrùn èrìgì tó le náà máa ń mú un gòkè díẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ní 2007, àwọn dókítà kan ní London gbé ìwádìí jáde lórí 120 èèyàn tí àrùn èrìgì wọn ti le. Àwọn kan gba ìtọ́jú tó jinlẹ̀, àwọn tó kù gba ìtọ́jú ṣákálá. Ní ọjọ́ kejì, CRP àwọn tó gba ìtọ́jú tó jinlẹ̀ fò sókè, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ò tilẹ̀ ṣe dáadáa tó ti tẹ́lẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, ìyá aláta ti jàre. Àmọ́ wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́fà, iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ dára ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, aládùúgbò tó wá béèrè ní ọjọ́ kejì pé ara ti rí, òtítọ́ ló máa gbọ́ tí wọ́n bá ní ó ń ro wọ́n. Ó kàn tètè dé jù ni.

Ìbátan ìgbàgbọ́ yìí kan wà: pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde, kéèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí èrìgì sinmi. Ní 1965, onímọ̀ nípa eyín kan, Harald Löe, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti pọ́n. Wọ́n padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì, ó sì lọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ti wọn kò tíì dé eegun. Èyí tó bá ti dé eegun, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ò ká a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí lọ san owó àyẹ̀wò CRP. Ibà á mú un gòkè, egbò á mú un gòkè, sísanra jù náà á mú un gòkè. Kò lè sọ fún yín pé èrìgì ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fa àmì mìlímítà sí lára ni ẹ ní kí dókítà eyín mú jáde. Á tì í bọ àárín èrìgì àti eyín láti wo bó ṣe jìn tó. Mìlímítà 1 sí 3 kò burú. Tó bá ti di 4 sókè, tí ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé irin jáde, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ padà lọ wọ̀n ọ́ lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Iye méjèèjì yẹn ni ẹ̀rí yín, ó ju ẹ̀rí ìsọ̀ kejì lọ. Ẹni tó ń mu sìgá má sì ṣe tìtorí pé kò rí ẹ̀jẹ̀ yọ̀: sìgá máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ èrìgì pa, tí àrùn á fi máa jẹun lọ nísàlẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà eyín. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, gbé jáde ní 2022 fi hàn pé ìtọ́jú èrìgì ń dín HbA1c, ìyẹn òdiwọ̀n ṣúgà oṣù mélòó kan nínú ẹ̀jẹ̀, kù pẹ̀lú nǹkan bí 0.4% láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í ṣe àrọ́pò oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré.

Ó ku àwọn eyín tí ọ̀rọ̀ ti kọjá fífọ̀ fún. Wọ́n wà, irọ́ ni dókítà tó bá ní gbogbo rẹ̀ ló máa mú padà ń pa. Ẹ bi í kó tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Dókítà, èwo nínú eyín mi lẹ rò pé kò ní dúró?" Fọ́tò ẹ̀rọ tó ń wo eegun (X-ray) àti irin mìlímítà rẹ̀ á jẹ́ kó lè tọ́ka sí wọn. Èyí tó bá mì lẹ́yìn ìyẹn, ó ti wà nínú ìwé ṣáájú kí wọ́n tó la ẹnu yín.