Bí Wọ́n Ṣe Ń Ta Àìtò Lọ́gbà Ìṣeré

Láwọn ọgbà ìṣeré ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, owó ẹnu ọ̀nà nìkan kọ́ ni àlejò ń san mọ́. Ẹni tó bá ti wọlé tán, tó rí i pé ìlà tó wà níwájú rólà-kósítà (ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí irin) ti gùn jù, lè fa fóònù yọ, kó san owó míì, kó sì gba ẹnu ọ̀nà kejì lọ jókòó. Ní Walt Disney World tó wà ní ìpínlẹ̀ Florida, dọ́là 15 lórí ẹnì kan fún ọjọ́ kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ èyí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ní 2024 wọ́n tún gbé òmíràn jáde tí ẹni tó bá rà á kò ní láti mú àkókò tó máa padà wá rárá. Ìgbà tó bá wù ú ló lè gba ọ̀nà kíákíá wọlé, ẹ̀ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, èyí lè ju dọ́là 400 lọ lórí ẹnì kan, owó ẹnu ọ̀nà kò sì sí nínú rẹ̀ o.

Bí wọ́n bá ròyìn èyí fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílé epo nígbà ọ̀wọ́n epo: ọkọ̀ tò láti ẹnu géètì dé títì Ìlọrin, ẹnì kan wá gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó ki nǹkan bọ tẹni tó ń ta epo lọ́wọ́, ó gba tirẹ̀, ó ń lọ. Ṣọ́ńtì ni wọ́n ń pe ìyẹn, èébú sì ni àwọn tó ti tò láti ìdájí máa fi ń sìn ín sọ́nà. Lọ́gbà ìṣeré, ẹni tó ni ọgbà fúnra rẹ̀ ló ń gba owó ṣọ́ńtì, ó kọ iye rẹ̀ síta fún gbogbo ayé rí, ó sì ń já rìsíìtì fún ẹni tó san án. Bóyá ìyẹn tó láti sọ ọ́ di ohun tó tọ́, kò ṣeé dáhùn láìjẹ́ pé èèyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà gan-an.

Ẹ̀rọ ìṣeré kọ̀ọ̀kan ló ní iye èèyàn tó lè gbé láàárín wákàtí kan. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu rẹ̀: iye ìjókòó, ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi ń yí, àti ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń sọ àwọn tó ti gùn ún kalẹ̀, tí wọ́n fi ń kó àwọn míì jókòó, tí wọ́n sì ń de bẹ́líìtì mọ́ wọn. Ká ní lọ́jọ́ kejì Iléyá, ẹnì kan gbé jangirọ́fà alayípo kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Ṣọ̀ún, tó ní ìjókòó 20. Ó ń yí fún ìṣẹ́jú 3, kíkó ọmọ sílẹ̀ àti kíkó ọmọ gòkè ń gba ìṣẹ́jú 2. Ìṣẹ́jú 5 ni ìyípo kan, ìyípo 12 ló wà nínú wákàtí kan, ọmọ 240 ló sì lè gùn ún. Bí ọmọ 120 bá tò síwájú rẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú 30 ni èyí tó kẹ́yìn máa fi dúró.

Ìṣirò yìí ti ní orúkọ tipẹ́: òfin Little ni wọ́n ń pè é. Ní 1961, John Little, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ pé iye èèyàn tó wà lórí ìlà dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń kọjá ní wákàtí kan, tí a fi iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dúró sọ di púpọ̀. Òótọ́ ni ní báńkì, òótọ́ ni nílé ìwòsàn, òótọ́ sì ni nídìí jangirọ́fà. Ohun tó yẹ kéèyàn kíyè sí ni pé owó kò sí níbì kankan nínú ìṣirò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sanwó títí, ìjókòó 20 kò ní í di 25.

Ọ̀rọ̀ wá ń dùn nígbà tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá pín ìlà sí méjì. Ká ní nínú ọmọ 120 yẹn, òbí àwọn 30 fi ₦500 lé owó wọn kí wọ́n lè bọ́ sórí ìlà kíákíá. Ìjókòó mélòó ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn? Bó bá jẹ́ 5 nínú 20 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, àwọn 30 tó sanwó máa gba ìyípo 6 kí wọ́n tó tán: ìṣẹ́jú 30. Àwọn 90 tó kù ń gba ìjókòó 15, ìyípo 6 náà ni: ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó san owó lé owó àti ẹni tí kò san án jọ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá tó ná ₦500 máa bínú béèrè owó rẹ̀ padà, ẹjọ́ rẹ̀ á sì tọ́.

Kí tíkẹ́ẹ̀tì kíákíá tó lè wúlò, ìpín tí wọ́n fún àwọn tó rà á nínú ìjókòó gbọ́dọ̀ ju ìpín tiwọn nínú èrò lọ. Ká sọ pé ìjókòó 15 nínú 20 ni wọ́n fún wọn. Ìyípo 2 péré, àwọn 30 ti gùn tán, ìṣẹ́jú 10. Bí àwọn míì tó sanwó bá sì ń dé léraléra, tí ìjókòó 15 yẹn kò ṣófo, àwọn 90 tó wà lórí ìlà gbogbogbò máa máa wọlé ní márùn-ún márùn-ún: ìyípo 18, wákàtí kan àbọ̀. Ọmọ tí ìbá dúró fún ìṣẹ́jú 30 ti di ẹni tó ń dúró fún 90, kò sì sí ohun tó ṣẹ̀ ju pé bàbá rẹ̀ kò mú owó púpọ̀ wá. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹnì kan rà, lára ẹlòmíràn ni wọ́n ti gé e. Ẹni tó gbowó kò fi ìṣẹ́jú kan kún un láti àpò ara rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì yìí tún lè pa ara rẹ̀. Bí 90 nínú ọmọ 120 bá rà á, ìjókòó 15 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan máa gbà wọ́n ní ìyípo 6, ìṣẹ́jú 30 tí wọn ì bá ti dúró tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọgbà fi ń dín iye tó ń tà kù, tó sì ń gbé owó lé e lọ́jọ́ ìsinmi. Bó bá wọ́n, ẹni díẹ̀ ló máa rà á, ó sì máa ṣiṣẹ́ fún ẹni díẹ̀ náà.

Níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, nítòsí ẹ̀rọ gan-an, òṣìṣẹ́ kan ń dúró síbẹ̀ tó ń na ọwọ́: ẹ̀yin wọlé, ẹ̀yin ẹ dúró ná. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ yìí ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Iye tó bá mú láti apá ọ̀tún kó tó mú ẹnì kan láti apá òsì ló ń sọ bóyá ìlà gbogbogbò á rìn tàbí á dúró gbagidi. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lórí fóònù, ìṣẹ́jú ìdúró wà lára pátákó, ṣùgbọ́n ìpín ìjókòó yìí, ojú àlejò kì í tó o. Ó sì jọ pé ohun tó yẹ kí wọ́n kọ síta jù lọ nìyẹn.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe dé ibí? Disneyland, tí wọ́n ṣí ní California ní oṣù Keje ọdún 1955, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kan fún gbogbo nǹkan. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, kó tó di ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà. Nígbà tó fi máa di 1959, ó ti ní ìpele láti A dé E, E sì ni ti àwọn ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn ń dù. Ẹni tó bá ti lo E tirẹ̀ tán á lọ gun ohun kékeré, tàbí kó ra òmíràn. Owó ló ń pín èrò káàkiri ọgbà. Ní 1982 wọ́n pa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́, owó ẹnu ọ̀nà wá ń bo gbogbo ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó ti wọlé kò rí ìdí tí kò fi ní í tò sídìí èyí tó dára jù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Owó kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́, ìdúró ló gba ipò rẹ̀. Ìdúró kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá olówó ni, ẹsẹ̀ méjì méjì ni gbogbo wa fi ń dúró.

Ní 1999, Disney, ilé iṣẹ́ tó ni àwọn ọgbà yìí, gbé FastPass jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Àlejò á ki tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ á já ìwé fún un tó sọ wákàtí tó máa padà wá, á sì lọ gbafẹ́ títí di ìgbà náà. Àánú nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìlà kò lè ra oúnjẹ, kò sì lè ra fìlà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lè fi ìwé tò síbì kan kó sì fi ẹsẹ̀ tò síbòmíràn, ẹnì kan ti di méjì. Ìlà tó rò pé òun sá fún, àwọn tó ń fi ìwé tò lọ ń wọlé síwájú rẹ̀ níbi tó dúró sí. Bó ti wù kó rí, gbogbo ẹni tó bá san owó ẹnu ọ̀nà ló láǹfààní sí i, ẹni tó bá tètè dé ló ń jẹ ẹ́. Ní 2017, Disneyland bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 10 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù gbà á. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ọgbà pa ní 2020, FastPass bá a lọ. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021 kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: láti dọ́là 10 títí dé èyí tó ju 400 lọ, ọdún méje péré ni.

Àwọn ọgbà míì náà ń ta tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Six Flags fi ta tirẹ̀ ní ìpele: ìpele àkọ́kọ́ kàn ń bá èèyàn di àyè mú ni, ìpele kejì ń dín ìdúró kù dé ìdajì, èyí tó ga jù ń fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un kúrò. Universal ní Orlando ń fi tirẹ̀ kún owó yàrá láwọn kan lára àwọn òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó wọ́n.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura ni èrè. Nígbà tí àìtò kò bá ní owó lórí, ìlà gígùn jẹ́ ìtìjú fún ẹni tó ni ọgbà, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ ló máa dá kí ó kúrú. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ìlà gígùn ti di ìpolówó ọjà. Pátákó tó kọ ìṣẹ́jú 90 síta ń bá a ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ ni. Èyí kò ní kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ń fa ìlà gùn. Àmọ́ nígbà tí ìṣúná owó àwọn òṣìṣẹ́ bá dé orí tábìlì, tí ẹnì kan ní kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ méjì sí i kí ẹ̀rọ lè yára, ta ni yóò gbà á wọlé bí ìyára yẹn bá máa pa ọjà mìíràn?

Àwọn tí kò lè dúró nítorí àìlera tún wà, ti wọn kì í ṣe fàájì. Disney ní ètò ọ̀fẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ní 2013 ìròyìn jáde pé àwọn olówó kan ń sanwó fún àwọn tó ní àìlera kí wọ́n lè bá wọn gba ọ̀nà tiwọn wọlé. Ọdún yẹn ni wọ́n yí ètò náà padà: dípò kí èèyàn wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fún un ní àkókò tó máa padà wá. Ní 2024 wọ́n tún mú un le sí i, wọ́n dojú rẹ̀ kọ àwọn tó ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ bíi autism ní pàtàkì. Bí owó bá ti wà lórí ẹnu ọ̀nà kejì, gbogbo ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó já síbẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣọ́ lójú méjèèjì.

Ìlà ẹlẹ́yọ ẹnì kan ni èyí tó sàn jù nínú gbogbo wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta bá jókòó lórí àga ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìjókòó kan ṣófo. Ọgbà á wá ní ìlà kan fún ẹni tó gbà láti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n jọ wá, òun ni wọ́n á fi dí àlàfo náà. Ó ń tètè wọlé, kò sì gba ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ìjókòó tí ìbá lọ lófìfo ló lò.

Ṣé kí wọ́n máa wá gbowó? Bí ọgbà bá yà ìjókòó díẹ̀ sọ́tọ̀, 2 tàbí 3 nínú 20, tó kọ ọ́ síta, tí kò sì kọjá rẹ̀, ó ṣòro láti bínú sí i, pàápàá bí owó yẹn bá ń dín owó ẹnu ọ̀nà kù fún àwọn tó kù. Èyí tó burú ni kí wọ́n gba owó ẹnu ọ̀nà kíkún lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kí wọ́n tún wá ta ìjókòó tí wọ́n ti tà fún wọn.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó jẹ́ pé lọ́dún Iléyá tàbí Kérésì, orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti sábà ń gbowó, ẹni tó ni jangirọ́fà kò nílò ìlà kejì rárá. Ó lè fi owó lé e lọ́jọ́ ọdún kó sì dín in kù láàárín ọ̀sẹ̀. Ó sì tún lè ṣe ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ: kó mú ẹnì kejì tí yóò máa de bẹ́líìtì. Bí ìṣẹ́jú 2 tó fi ń kó ọmọ sílẹ̀ tó sì ń kó ọmọ gòkè bá di 1, ìyípo 15 ni yóò máa rí ní wákàtí kan, ọmọ 300 dípò 240, ẹni tó kẹ́yìn nínú ọmọ 120 yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú 24.