Páswọ́ọ̀dù tí ò gbọdọ̀ hàn lójú síkírìnì dúdú

Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ kóòdù lọ́dọ̀ mi ní Tanke, n'Ílọrin, wọn ò ní í pẹ́ béèrè tí wọ́n bá ti ń kọ púrógíráàmù tẹ́mínà, ìyẹn síkírìnì dúdú tí ò ní bọ́tìnì kankan lójú yẹn: "Bọ̀dá, kí ni mo máa ṣe tí páswọ́ọ̀dù ò fi ní hàn?" Ẹlòmíì á ti dọ́gbọ́n tiẹ̀, á ní téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tán kí síkírìnì pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ó ti bọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ti kà á tán kẹ́ ẹ tó tẹ Enter.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ ń rí yẹn, púrógíráàmù yín kọ́ ló ń kọ ọ́ o. Tẹ́mínà fúnra ẹ̀ ni, ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló ń dá padà sójú síkírìnì, echo lorúkọ ẹ̀, gbohùngbohùn gan-an ni. Púrógíráàmù yín ò sábà rí nǹkan kan títí tẹ́ ẹ fi máa tẹ Enter, báwo ló ṣe fẹ́ bo nǹkan tí ò tíì dé ọwọ́ ẹ̀? Tẹ́mínà lẹ máa sọ fún pé kó panu mọ́.

Ní Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ìlà méjì péré ni, import getpass, lẹ́yìn náà getpass.getpass(), ó parí. Java ní readPassword lára Console, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń rọ́ọ̀nù ẹ̀ látinú àwọn IDE kan, ìyẹn púrógíráàmù tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, System.console() lè fún yín ní null, òfo nìyẹn, ẹ lọ rọ́ọ̀nù ẹ̀ nínú tẹ́mínà gidi. C# ní Console.ReadKey(true), bash tó ń gba àṣẹ nínú tẹ́mínà ní read -s. C lórí Linux ló lẹ́jọ́ díẹ̀: ẹ fi tcgetattr gba sẹ́tíìnì tẹ́mínà, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbì kan, ẹ yọ ECHO kúrò, ẹ fi tcsetattr gbé e wọlé, tẹ́ ẹ bá gba páswọ́ọ̀dù tán kẹ́ ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Dídá a padà yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ọmọ kan tẹ Ctrl+C láàrin iṣẹ́, púrógíráàmù kú, tẹ́mínà yadi, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù títí nǹkan kan ò jáde, ó ti ń palẹ̀mọ́ láti gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Challenge kí n tó ní kó tẹ stty sane, àṣẹ tó ń dá sẹ́tíìnì tẹ́mínà padà sípò, kó tẹ Enter. Kò rí ohun tó ń tẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́.

Ìràwọ̀ ńkọ́, àwọn *** yẹn? Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, torí ẹni tó ń yọjú á ka iye lẹ́tà. Àmọ́ mo ṣe púrógíráàmù kan fún Àlhájà kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Ọba, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wọlé ló máa ń pè mí, "Ọmọ mi, nǹkan yìí ti kú o," á tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, á wá ní kò gba páswọ́ọ̀dù òun. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kò ní hàn. Wọn ò gbà. Ìràwọ̀ ni mo padà fún wọn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa ka bọ́tìnì, kẹ́ ẹ máa tẹ ìràwọ̀ jáde, ibi tó le ni Backspace: ẹ tẹ \b tó ń sún yín padà sẹ́yìn ní àyè kan jáde, àlàfo kan, \b míì, kẹ́ ẹ sì yọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ tọ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lójú síkírìnì ò ní bá tinú mu. Python 3.14 ti gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, echo_char='*' lẹ máa fi sínú getpass.

Ẹ má sì ní kí wọ́n kọ páswọ́ọ̀dù mọ́ àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣí púrógíráàmù o, ó lè wà nínú .bash_history, fáìlì tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ téèyàn ti tẹ̀, ẹlòmíì tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà sì lè fi ps, àṣẹ tó ń fi púrógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ hàn, rí i. Ọmọ kan ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan ò hàn, inú mi dùn, mo wá ṣí fáìlì users.txt ẹ̀: páswọ́ọ̀dù gbogbo wọn ló tò síbẹ̀ gbàǹgbà, tòun ti orúkọ. A tún jókòó padà, hash, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń yí páswọ́ọ̀dù sí nǹkan tí ò ṣeé yí padà kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, la bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.