Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ Kétu ka afẹ́fẹ́ ìlú wọn fúnra wọn

Àwọn tíṣà àtàwọn òbí ní Kétu, nílẹ̀ Benin níbí, máa ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ tójú ò rí. Ẹ má fi àlàyé bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan tí wọ́n lè kà, kí wọ́n wá fi iṣẹ́ ọnà gbé e délé.

Páálí funfun ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya igun mẹ́rin kékeré sí i, ẹ fi fasilíìnì pa á, ẹ so ọ̀kan mọ́ ẹnu géètì níbi táwọn zém, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ti ń já ọmọ sílẹ̀, ọ̀kan nítòsí ibi tí wọ́n ti ń dáná oúnjẹ, ọ̀kan nínú kíláàsì, ọ̀kan lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kejì ẹ fún wọn ní awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí wọ́n ka ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á jà sí i, èyí á ní ogójì ni, ìyẹn á ní irọ́ o méjìlélógójì ni, ẹ má pàrí ìjà náà kíákíá, torí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò sí ohun tó yẹ ní kíkà.

Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún wọn pé eruku ńlá ni páálí ń mú. Èyí tó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà ni wọ́n ń pè ní PM2.5, ó kéré sí irun orí kan ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n, èéfín igi ìdáná, ti ọ̀kadà, ti nylon tó ń jó, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé e jáde. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní sensor ló lè kà á: fáànù inú ẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, iná laser ń tàn sí i, eruku tó bá kọjá á tú iná náà ká, ohun tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò nìyẹn. Tí ìrì bá pọ̀ láàárọ̀ nọ́ńbà ẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn ọmọ máa kọ bójú ọjọ́ ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti 2021 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí PM2.5 má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, àmọ́ àròpín wákàtí 24 nìyẹn, ẹ má fi nọ́ńbà ìṣẹ́jú kan dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún nọ́ńbà wọ̀nyí. Wákàtí kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan: funfun fún èyí tó dáa, pupa fún èyí tó ga, dúdú fún èyí tó burú gan-an. Okùn ọjọ́ kan á ní ìlẹ̀kẹ̀ 24. Ìyá tí ò kàwé rí á wò ó, á mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ àwọ̀ torí kó lè wuyì o.

Kétu wa yìí, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, pàápàá kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fáyé ní 2001, ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìlú jáde tipẹ́, títí kan alùpùpù. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ni í, ẹ tọrọ àyè, kí àwọn ọmọ fi bébà tí wọ́n gún mọ́ ògì ṣe ère orí tiwọn, kí wọ́n gbé ohun tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ fi hàn wọ́n sórí ẹ̀, kí wọ́n kọrin sí i. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n fi bú ìyá tó ń yan gàrí tàbí ẹni tó ń ta kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé ìwé fúnra ẹ̀: bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán láàárọ̀, ewé àti nylon ni wọ́n ń dáná sun, nígbà táwọn ọmọ ti wà níbẹ̀! Ìyẹn ṣeé dá dúró lọ́la, kí ewé lọ sínú kòtò kó jẹrà, kí wọ́n kó nylon sọ́tọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, bí ilé ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku aṣálẹ̀ láti apá Ṣáàdì á gbé gbogbo nọ́ńbà sókè, tẹ́ ò bá sì ní okùn ìgbà òjò lọ́wọ́, ẹ ò ní lè mọ èyí tó jẹ́ ti ọyẹ́ àti èyí tó jẹ́ tiwa.