“Kò ju” yàtọ̀ sí “ju”: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò àìdọ́gba

Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi àmì ìṣirò kọ gbólóhùn yìí: “Nọ́ńbà náà kò ju 8 lọ.” Ọ̀kan nínú wọn kọ x > 8. Nígbà tí mo bi í pé kí ló rí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fi ìka sórí “ju”. Òótọ́ ni, “ju” wà níbẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ti fo “kò” tó ṣáájú rẹ̀. Ibí yìí ni ìṣirò àìdọ́gba ti máa ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú ohunkóhun rárá.

Nínú ìṣirò ìdọ́gba, bíi x + 2 = 7, nọ́ńbà kan ṣoṣo là ń wá, 5 sì ni. Ti àìdọ́gba kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí x + 2 < 7 ń béèrè ni gbogbo nọ́ńbà tí a lè fi 2 kún tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní tó 7. 4 wà níbẹ̀, òdo wà níbẹ̀, 4.9 wà níbẹ̀, −100 náà wà níbẹ̀. A ò lè kà wọ́n tán, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ gbogbo wọn pọ̀ ní x < 5.

Àmì mẹ́rin là ń lò. < ni “kò tó”, > ni “ju … lọ”. Ẹnu tó là máa ń kọjú sí èyí tó tóbi, ṣóńṣó rẹ̀ á kọjú sí èyí tó kéré. Inú ìwé Thomas Harriot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àmì méjèèjì ti kọ́kọ́ jáde ní 1631, ọdún 10 lẹ́yìn tó kú. Tí a bá fa ìlà sábẹ́ wọn, ≤ á di “kò ju … lọ”, ≥ á di “kò dín ní”.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí èdè wa ń ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. “Kò” kan ṣoṣo ló da “ju” kọ òdìkejì, tó sì tún gba 8 fúnra rẹ̀ wọlé, nítorí ohun tí kò ju 8 lọ lè jẹ́ 8 gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni “tó” àti “kò tó”. “Ó tó 18” gba 18 wọlé: x ≥ 18. “Kò tó 18” ti 18 síta: x < 18. Kí ẹ tó kọ àmì kankan, ẹ mú nọ́ńbà tó wà ní ààlà náà, kí ẹ wò ó bóyá gbólóhùn yẹn gbà á. Tó bá gbà á, àmì yín gbọ́dọ̀ ní ìlà lábẹ́.

Ó wá ku yíyanjú rẹ̀. Ká ní ìwúwo àpótí kan jẹ́ kílò 4 nígbà tó ṣófo, ìwé tí a fẹ́ kó sínú rẹ̀ jẹ́ kílò 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹrù náà lódindi kò sì gbọdọ̀ ju kílò 19 lọ. Tí iye ìwé bá jẹ́ x, a ó kọ 3x + 4 ≤ 19. Ẹ yọ 4 kúrò lápá méjèèjì, ó ku 3x ≤ 15. Ẹ fi 3 pín méjèèjì, ó di x ≤ 5. Kò sí ohun tó yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ṣe ìdọ́gba. Ohun tí a bá ṣe sí apá kan la ó ṣe sí èkejì.

Àyàfi ibì kan. Bí a bá fi nọ́ńbà òdì, ìyẹn nọ́ńbà tó kéré sí òdo, pín apá méjèèjì, tàbí tí a fi sọ wọ́n di púpọ̀, àmì náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ ló há òfin yìí sórí láìmọ ìdí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí ìdí náà kò ṣòroó rí. 2 kéré sí 5. Ẹ fi −1 sọ méjèèjì di púpọ̀: wọ́n di −2 àti −5. Lórí ìlà nọ́ńbà, 5 ló jìnnà sí òdo jù lápá ọ̀tún, nítorí náà −5 náà ló máa jìnnà jù lápá òsì. Èyí tó tóbi tẹ́lẹ̀ ló wá kéré. Bí ìgbà tí èèyàn dojú kọ dígí ni: ọ̀tún di òsì.

Ẹ wo 7 − 2x > 1. Ẹ yọ 7 kúrò lápá méjèèjì, ó ku −2x > −6. Ẹ fi −2 pín in, kí ẹ sì yí àmì padà: x < 3. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn, èmi gan-an sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 2x kún apá méjèèjì: 7 > 1 + 2x. Ẹ yọ 1 kúrò: 6 > 2x. Ẹ fi 2 pín in: 3 > x. A ò fi nọ́ńbà òdì pín ohunkóhun, síbẹ̀ ìdáhùn kan náà ló jáde, torí pé 3 ju x lọ àti x kò tó 3 jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àṣìṣe kan tún wà tó wọ́pọ̀ gan-an. Ẹlòmíràn á rí 2x > −6, á rí àmì àyọkúrò níbẹ̀, á sì sáré yí àmì padà. Rárá o. 2 la fi ń pín in, 2 kì í sì í ṣe nọ́ńbà òdì, nítorí náà x > −3 ni. Ohun tí a fi ń pín ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ohun tí a ń pín.

Láti yà á, ẹ fa ìlà nọ́ńbà, kí ẹ sì fi òbìrìkìtì kékeré sórí ààlà. Fún x < 3, a kì í kun inú òbìrìkìtì orí 3, torí 3 kò sí lára ìdáhùn. A ó wá fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sápá òsì. Tó bá jẹ́ x ≤ 3 ni, a ó kun inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà kan lábẹ́ ọfà, ẹ fi dán ìṣirò àkọ́kọ́, ìyẹn 7 − 2x > 1, wò: tí x bá jẹ́ 0, 7 − 0 jẹ́ 7, ó sì ju 1 lọ. Ẹ mú ọ̀kan níta, bíi 4: 7 − 8 jẹ́ −1, kò ju 1 lọ. Ọfà náà dojú kọ ibi tó yẹ.

Ti àpótí wa ńkọ́? Ìṣirò sọ pé x ≤ 5, àmọ́ a kì í kó ìdajì ìwé, bẹ́ẹ̀ ni iye ìwé kò lè kéré sí òdo. Nítorí náà a ò ní fa ọfà kankan níbẹ̀. Àmì tóótòòtó mẹ́fà la ó tò sórí ìlà: 0, 1, 2, 3, 4 àti 5.